Èsì fún Ẹni Tó Ń Ka Kásìdì

Ọ̀gbẹ́ni Kásìdì,
lẹ́tà rẹ dé Akúrẹ́ lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun
tí atẹ́gùn ká páànù ilé ìdáná wa.
Ẹ̀gbẹ́ kan àpòòwé rẹ̀ ti rin,
ṣùgbọ́n àwòrán-ilẹ̀ inú rẹ̀ kò rin.
Mo tẹ́ ẹ sórí tábìlì, mo fi agolo mílíìkì tẹ igun rẹ̀ mọ́lẹ̀,
mo wo ìlú yín bí ẹni ń ṣa òkúta nínú ìrẹsì.

Àmì pupa ṣù ní Lìfápúù bí èèrà tó rí ṣúgà.
Ó ṣù ní Glásígò. Ó ṣù ní Mansẹ́sítà.
O ní etíkun ni gbogbo rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀,
pé ọdún tí ànàmọ́ òyìnbó jẹrà nínú ebè ní Áílándì
ni ebi gbé àwọn baba rẹ sọdá;
ibi tí ọkọ̀ já wọn sí ni wọ́n ti gbẹ́ kòtò,
tí wọ́n ti ru bíríkì, tí wọ́n ti bímọ.
Ó yé mi.
Bẹ́ẹ̀ náà ni àwọn alágbàro ṣe ń dé oko kòkó wa ní Ìdànrè:
àpò lórí, ebi nínú,
orúkọ nìkan ni kò wúwo nínú ẹrù wọn.

Lẹ́yìn náà o fa ìlà gígùn kan kọjá òkun,
o fi àmì kan ṣoṣo sí Akúrẹ́,
o kọ àmì ìbéèrè sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀.

Èmi ni àmì ìbéèrè yẹn.
Mojísọ́lá Kásìdì, olùkọ́ ìṣirò tó ti fẹ̀yìn tì,
Ìsinkàn, ilé tí gèéètì rẹ̀ ò ṣeé tì.

Ẹ̀jẹ̀ kọ́ o. Má wulẹ̀ wá ẹ̀jẹ̀.
Bàbá bàbá mi, Fátúróti, ló ń bá Fádà Kásìdì
ti kẹ̀kẹ́ gun òkè Ọ̀bà-Ilé, nígbà tí ikọ́ bá gbé Fádà.
Ọjọ́ tí akọ̀wé ń kọ orúkọ àwọn tó fẹ́ ṣiṣẹ́ ọ̀nà,
ó ní, "Orúkọ?"
Bàbá ní, "Fátúróti."
Ó ní, "Orúkọ ilé?"
Bàbá dákẹ́. Lójú tirẹ̀, ilé tó ń sùn ni wọ́n ń bèèrè,
yàrá kékeré ẹ̀yìn ilé Fádà, níbi tí wọ́n ń kó àbẹ́là sí.
Ó ní, "Kásìdì."
Yíǹkì gbẹ.

Ìyá bàbá mi ò fẹnu kan orúkọ náà títí ó fi kú.
Ó ní orúkọ ìwé ni;
bí ilé bá ń jó lóru tí a fi pe ọmọ, ọmọ ò ní jí.

Fádà ò láya, kò bímọ. Tirẹ̀ parí síbẹ̀.
Àmọ́ ní Ìsinkàn, Kásìdì jẹ gbèsè, ó san án,
ó ta ilẹ̀ kan ní Ìta-Ògbólú, ó kábàámọ̀,
ó sin òkú mẹ́rin sẹ́yìn kànga.
Ṣé àmì kan ṣoṣo gba gbogbo ìyẹn?

O ní àwọn kan gbà pé ìtumọ̀ rẹ̀ ni ẹni tí irun rẹ̀ ká.
Mo rẹ́rìn-ín títí agolo mílíìkì fi ṣubú.
Ọ̀gbẹ́ni, ta ni irun rẹ̀ ò ká níhìn-ín?
Dàda méjì la bí nínú ilé wa.

Nǹkan kan ṣẹ́kù.
Àmì kan wà ní Líìdì, ó dá dúró,
o ní o ò tíì mọ ibi tó ti ṣẹ̀ wá, o máa lọ wò.
Lọ. Kan ilẹ̀kùn díẹ̀díẹ̀, nọ́ọ̀sì alẹ́ ni ìyá wọn, ó lè máa sùn.
Ọmọ àbúrò mi ni.
Ọmọdébìnrin tó máa ṣílẹ̀kùn fún ọ,
wo orí rẹ̀ dáadáa kó o tó bèèrè orúkọ.