Wáyà Torleif

Torleif ta ọkọ̀ ojú omi bàbá rẹ̀ ní Bergen,
ó fi ra wáyà ẹ̀rọ orin kan tí kò gùn ju apá mi lọ.
"Fàdákà ni inú rẹ̀. Etí ni yóò jẹ́rìí."
Ó gbé e ka òkúta pẹlẹbẹ mẹ́ta,
torí wọ́n ní ilẹ̀ ń gbọ̀n.

Òjò ń rọ̀. Ragnhild ìyàwó rẹ̀ kò bá a jiyàn.
Ọkọ lọ po kọfí,
ó yọ ọ́, ó fi wáyà àtùpà àtijọ́ rọ́pò.

Torleif jókòó, ó dijú.
"Ẹ gbọ́! Atẹ́gùn ń gba àárín okùn fayolíìnì kọjá!"
"Mo gbọ́," ni Ragnhild wí.

Kọfí pá mi lórí:
lẹ́yìn sítóòfù, ìbọ̀sẹ̀ mẹ́rin
ń gbẹ lórí fàdákà.