Ilé Tí A Wó

Ní Dundee, aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, ilẹ̀ ti ṣú.
Odò Tay wà nísàlẹ̀ òkè, mi ò rí i,
òórùn rẹ̀ ni mo gbọ́ lára ẹ̀wù Morag.

Láti àárọ̀ la ti ń fọ́ bakitéríà.
Àgbàrá òjò ò lóun ò nílé wó,
onílé ni ò ní í gbà fún un;
àwọn wọ̀nyí ò lẹ́nu tí wọ́n ó fi kọ̀.
Ẹ̀rọ yí wọn, yí wọn, òòyì kọ́ wọn,
ògiri sì silẹ̀ bí gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ epo.
Omi tó kù lókè dà bí omikan ọjọ́ kejì.

Ilé ò sí mọ́, iṣẹ́ ò dúró.
Mo ju ìwé ìlànà kan sí i, ìwé àjèjì,
wọ́n ń kà á,
wọ́n ń sín purotéènì bí ẹni sín ìlẹ̀kẹ̀.

Ṣùgbọ́n èyí tí mò ń wá, ilẹ̀kùn ni.
Inú awọ ló ń gbé, ọ̀rá ló mọ̀ níyàá.
Bó ti ń jáde sómi ló ń ká jọ,
ó ń dì bí wàrà tó bàjẹ́.
Ìgbà mọ́kànlá. Mo kọ ọ́ sílẹ̀:
Ó dì. Ó dì. Ó tún dì.
Ní ìgbà kẹsàn-án, mo kàn kọ: Ẹ̀hẹ̀n.

Morag, tó ti ń fọ ìgò níbí fún ọdún méjìlélógún,
ló bi mí: "Ilẹ̀kùn wo ló ń dúró láìsí ògiri?
Há a sí nǹkan."
Ó padà sídìí ìgò rẹ̀.

Mo gbọn ọ̀rá pọ̀ mọ́ omi,
ó di róbótó-róbótó, ó kéré ju ẹyin iná orí lọ,
awọ lásán, tí kò léran nínú.
Mo ti aró mọ́ ọn nínú:
bí iyọ̀ bá ráyè wọlé, aró á tàn.

Ìyàwó àbúrò mi pè láti Ìlá. Mi ò gbé e.
Ọmọ rẹ̀ ni ilẹ̀kùn iyọ̀ ò ṣí lára rẹ̀,
tí kẹ̀lẹ̀bẹ̀ ń dì í láyà. Mo mọ ìbéèrè rẹ̀.

Aago mẹ́jọ kọjá kí igun àwo kan tó tàn,
kò ju ojú ológbò lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì lọ.

Morag dúró lẹ́yìn mi tòun tìnulẹ̀.
"Ṣé ó wà láàyè ni?"
Kò lè bímọ. Kò lè kú.
"Ó ń ṣiṣẹ́," ni mo wí.
Ó ní bí òun náà ṣe rí nìyẹn láràárọ̀ ọjọ́ Ajé.

Mo gbé fóònù. Ó ń dún lọ́hùn-ún,
mi ò sì tíì mọ ohun tí n ó sọ.