Ojú-Ìwé Ọgbọ̀n

Ní Kemi, aago mẹ́ta ọ̀sán, ilẹ̀ ti ṣú.
Veikko kò wá kàwé: òtútù ló lé e wọlé.
Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń jiyàn ìwé nídìí tábìlì,
wọ́n ń rún bisikíìtì wómúwómú;
òun fi fìlà bojú, ó ń retí bọ́ọ̀sì.

Marjatta kò pè é.
Ó kàn gbé ìwé kan tì í,
bébà pélébé há sáàárín rẹ̀:
“Tó o bá dé ojú-ìwé ọgbọ̀n tí kò dùn,
dá a padà. N ò ní bínú.”

Ọjọ́bọ̀ kejì, ìwé kò dé.
Bébà ló dé, ọwọ́ ìkọ̀wé kọ́lọkọ̀lọ:
“Mo ti dé àádọ́rùn-ún.
Ẹ jọ̀ọ́, ṣé ajá yẹn kú?”

Marjatta mọ̀.
Ó panu mọ́.