Ẹ Kú Àìmọ̀

Àwọn tó gbẹ́ Erédò yìí ò ṣeré.
Wọ́n walẹ̀ títí ilẹ̀ fi di ògiri,
kí àlejò tí a ò pè má baà wọ Ìjẹ̀bú.
Ẹni tó ń fẹsẹ̀ rìn nìkan ni wọ́n rò.
Ta ló máa gbẹ́ yàrà sójú ọ̀run?

Lóru ọjọ́ náà, l'Òkè-Ẹ̀rí,
ẹ̀gbọ́n ìyá mi, Ẹfúnyẹmí, ń yan gààrí.
Iná kan sọ̀ sẹ́yìn igi ọ̀pẹ, kò dún.
Ajá Ṣótúndé gbó lẹ́ẹ̀kan, ó wọ abẹ́ àga.

Ohun tó ti inú yàrà jáde ga tó ọmọ ọdún méje.
Kò ní ojú níbi tí ojú ń wà.
Ara rẹ̀ ń mì bí ooru ọ̀sán lórí títì.

Ẹ̀gbọ́n mi wá kíkí tó yẹ.
Ẹ kú ìrìn: kò rìn.
Ẹ kú ewu ọkọ̀: ọkọ̀ wo?
Ẹ káàbọ̀: ṣé ibí ló ti jáde lọ ni?
A ní kíkí fún òjò, fún ọ̀gbẹlẹ̀,
fún ẹni tó ń dirun, fún ẹni tó kàn jókòó.
Ó nu ọwọ́ mọ́ ìró,
ó ní, "Ẹ kú àìmọ̀."

Àlejò na nǹkan kan, bóyá ọwọ́ ni,
ó ṣa hóró gààrí, ó tò ó sórí iyanrìn:
méjì. Mẹ́ta. Márùn-ún. Méje.
Ó dúró.

Èmi tí mo kàwé, mo mọ ohun tó ń wí:
iye tí a ò lè pín dọ́gba àfi lọ́kọ̀ọ̀kan,
bóyá èdè tí wọ́n ń sọ láàárín ìràwọ̀ nìyẹn.
Ẹ̀gbọ́n mi rò pé ó ń ná ọjà ni.
Ó wo méje, ó yínmú,
ó fi hóró mẹ́rin kún un:
"Mọ́kànlá ni jálẹ̀."

Ara àlejò tàn yòò.
Bóyá ìdùnnú ni. Bóyá ẹ̀rù.
Wọ́n jọ jókòó títí àkùkọ fi kọ,
gààrí jóná, kò sẹ́ni tó yí i.

Ó di ọdún mẹ́ta. Mo ti ṣàlàyé,
mo ti fa ìlà sílẹ̀, mo ti ka iye náà.
Ó ní kí n má yọ òun lẹ́nu:
kọ́ńgò kan ló gbé lọ, kò tíì sanwó,
ẹni tó mọ̀ ọ́n ná bẹ́ẹ̀ á padà wá.
Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ òru nìkan ló ń yan gààrí báyìí,
tó sún àpótí kejì mọ́ ibi iná,
tí kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni nínú wa jókòó lé e.