Òpó Kẹta

Èmi ni mo so gíláàsì náà mọ́ ojú bàálù wọn
kí yìnyín tó dé. Kò ju àtẹ́lẹwọ́ ọmọdé lọ.
Wáyà mẹ́fà gba abẹ́ irin kọjá,
ọ̀kọ̀ọ̀kan lọ fẹnu ko sílíńdà tirẹ̀,
ó ń bi í léèrè: ara rẹ ti gbóná tó?
Òpó iná mẹ́fà sì dìde
bí ọmọ ilé-ìwé tí wọ́n tò láàárọ̀.

Agafia ló rà á. Bàbá rẹ̀ ò wò ó.
Ọdún méjìlélọ́gbọ̀n ni Nikifor fi fò lórí odò Kuskokwim,
ó gbé lẹ́tà, ó gbé aláìsàn, ó gbé páálí ẹja,
ó gbé ìyàwó tuntun kan rí tó bì sí i ní bàtà.
"Etí mi ni mo fi ń fò," ló wí.
"Ẹ́ńjìnnì tó bá fẹ́ kú á kọ́kọ́ wúkọ́.
Tẹlifíṣàn lẹ rà yìí."

Oṣù kọkànlá, odò ti le bí òkúta,
Agafia nìkan ló wà lókè.
Epo pé. Ẹ́ńjìnnì ń lọ geere.
Òpó kẹta nìkan ló ń ga, tó ń rọlẹ̀,
díẹ̀díẹ̀, ẹ̀ẹ̀kan láàárín ìṣẹ́jú,
bí àyà ẹni tó sùn.
Ó yí imú bàálù padà.

"Kò sóhun tó ṣe é," ni bàbá wí létí pápá.
Òótọ́ ni. Èmi náà gbọ́ ọ. Ó dùn létí.

Mo tú sílíńdà náà lálẹ́ ọjọ́ yẹn,
ìka mi ń lẹ̀ mọ́ irin nítorí òtútù.
Fáàfù tí èéfín ń gbà jáde ti jó lápá kan,
bí bisikíìtì tí eku gé jẹ.
Ó lè ku wákàtí mẹ́wàá. Ó lè ku ogún.

Ìyàwó tèmi rẹ́rìn-ín títí di àárọ̀ ọjọ́ Túsìdeè.
Ta ló so wáyà mọ́ ọn?

Mo gbé fáàfù náà lé Nikifor lọ́wọ́.
Ó yí i síwá, ó yí i sẹ́yìn,
ó gbé e sétí bí ẹni pé yóò fọhùn.
Lẹ́yìn náà ó gun bàálù, òun nìkan, nínú òkùnkùn,
ó fi apá ẹ̀wù nu gíláàsì náà,
ó wá pè mí wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́:
"Èwo ni ẹ̀kẹta?"