Ibi tí Abẹ́rẹ́ ti ń Fò

Sípíkà ni mò ń tún ṣe ní Ìtòkú,
èmi tí mò ń fi ariwo jẹun,
kí n tó mọ Màmá Ẹfúnyẹmí ará Ìjẹ̀mọ̀.
Ó gbé giramafóònù bàbá rẹ̀ wá lọ́jọ́ Jímọ̀ kan,
ó fi ìró àdìrẹ tó ti ṣá dì í bí ọmọ tuntun.
Mo tú u. Sípíríǹgì ti já sí méjì,
aáyán ti sọ inú rẹ̀ dilé.
Mo ní, "Màmá, eléyìí ò ní kọrin mọ́ láyé."
Obìnrin ẹni ọdún mẹ́rìndínláàádọ́rùn-ún wò mí,
ó fa àga, ó jókòó láàárín wáyà,
ó ní, "Kò burú. Jẹ́ n kọ ọ́ fún ọ."

Ṣé ẹ mọ bí òjò ṣe ń bẹ̀rẹ̀ lórí páànù àtijọ́,
ẹ̀kán kan, ẹ̀kán kejì, kó tó di wàràwàrà?
Báyẹn ni.
Ohùn bàbá rẹ̀ ló gba ẹnu rẹ̀ jáde,
bàbá tó gun pèpéle nígbà tí àtùpà mẹ́rin péré ń tàn,
tó wọ kóòtù onírù lórí ṣòkòtò kẹ̀ǹbẹ̀,
tó fi ẹfun kun ìpéǹpéjú
kí ẹni tó san tọ́rọ́, tó jókòó lẹ́yìn pátápátá,
lè rí i nígbà tó bá ń sunkún.

Ó kọ ọ́ dé àárín, ó wá ní "ilé, ilé, ilé,"
ẹ̀ẹ̀mẹta, bí ẹni tó fẹsẹ̀ kọ.
Mo ní kí ló dé? Ó rẹ́rìn-ín:
"Ibẹ̀ ni abẹ́rẹ́ ti ń fò.
Láti kékeré ni mo ti rò pé bí orin ọ̀hún ṣe rí nìyẹn."

Láti ìgbà náà, gbogbo Ọjọ́bọ̀,
mo ń gun òkè lọ kẹ́kọ̀ọ́.
"Ọwọ́ rẹ ń wá máìkì tí yóò dì mú. Kó o sẹ́yìn."
Ó fi ọ̀pá rẹ̀ gún mi lábẹ́ egungun ìhà:
"Ibí ni wọ́n ti ń kọrin. Ọ̀nà ẹ̀bà ni ọ̀fun."
Ó ní kí n gbọn ohùn ní ìparí ìlà,
ṣùgbọ́n kí n má gbọ̀n ọ́n bí ewúrẹ́.
Mo gbọ̀n ọ́n bí ewúrẹ́.
Ewúrẹ́ kan dáhùn láti ìsàlẹ̀.

Lọ́jọ́ kan mo kọ ọ́ lórin pé mò ń lọ sọ́run.
Ó dá mi dúró. "Níbo?"
Mo ní ọ̀run. Ó ní irọ́ ni,
"Ọrùn lo pè. Ọrùn ta lò ń lọ? Ṣé ìlẹ̀kẹ̀ ni ọ́?"
Ó ní orin tí òyìnbó kọ́ àwọn bàbá òun dùn,
ṣùgbọ́n ó ń fọ́ ọ̀rọ̀ mọ́ wọn lẹ́nu bí ẹyin,
títí wọ́n fi ní kí orin máa tẹ̀lé ẹnu,
bí ọmọ ṣe ń tẹ̀lé ìyá rẹ̀ re odò.

N ò purọ́, ó le ju iṣẹ́ mi lọ.
Wáyà tó bá já, màá fi lẹ́ẹ̀dì jó o pọ̀.
Ohùn tó bá já, ta ló rí ojú ibi tó ti já?

Ọjọ́bọ̀ tó kọjá, ó ní ó tó ìdánwò.
Ó jókòó sójú fèrèsé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì,
ó ní kí n sọ̀kalẹ̀ lọ dúró lẹ́bàá àpáta,
níbi tí wọ́n ń sá àdìrẹ sí.
Ọ̀kadà ń kọjá. Ṣọ́ọ̀ṣì kan ń pariwo
pẹ̀lú sípíkà tí èmi fúnra mi tún ṣe.
Mo fi ẹsẹ̀ ọ̀tún síwájú. Mo kó ọwọ́ sẹ́yìn.
Mo kọ ọ́. Nígbà tí mo dé ibi tí abẹ́rẹ́ ti ń fò,
èmi náà fò: ilé, ilé, ilé.

Mo gbójú sókè. Ó pẹ́ kó tó sọ̀rọ̀,
ohùn rẹ̀ ò sì ga rárá,
àfi bí ẹni tó dúró tì mí:
"Mo gbọ́ ariwo rẹ. N ò tíì gbọ́ ọ̀rọ̀.
Padà wá lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Mú ọsàn dání."