Ṣílè Méje

Wọ́n ti wó ilé Odùkọ̀yà ní Pòrógun.
Ọjọ́ Ẹtì ni. Kí a tó kírun Jímọ̀ tán,
katapílà ti jẹ ọ̀dẹ̀dẹ̀,
ó ti na ọwọ́ irin sí pẹ́tẹ́ẹ̀sì òkè
bí ọmọ tó ń wá ẹran nínú àwo ọbẹ̀.

Mi ò sí nínú ẹbí. Ẹ jẹ́ n tètè sọ ọ́.
Nígbà tí wọ́n pe ìpàdé, wọn ò fi àga kankan sílẹ̀ fún mi.
Bàbá bàbá mi ló gbẹ́ àtẹ̀gùn náà, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ:
Ọnàfowókàn, káfíńtà, ará Ayépé,
tó ń fẹsẹ̀ rìn wọ̀lú ní ìdájí,
ayùn léjìká, gààrí gbígbẹ nínú àpò.

Ọdún mẹ́ta ló fi ṣe é.
Ìrókò ni àtẹ̀gùn, ipele mẹ́tàdínlógún;
ìkẹfà máa ń ké bí o bá tẹ̀ ẹ́ láàárín.
Wọ́n ní ó mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é bẹ́ẹ̀ ni,
kí olè má baà gòkè láìkí onílé.
Gíláàsì pupa, gíláàsì aró lójú fèrèsé:
bó bá di ìrọ̀lẹ́, oòrùn á gba ibẹ̀ wọlé,
á pín àwọ̀ fún àwọn tó jókòó,
imú Ìyá Àgbà á pọ́n, irùngbọ̀n Baba á di aró.
Wọ́n rán mi ní èkuru débẹ̀ lọ́mọdé,
mo na ọwọ́ sínú ìmọ́lẹ̀ náà títí èkuru fi tutù.

Àrólé wọn wà ní Víẹ́nà.
Lọ́dọọdún ló ń fi fọ́tò ránṣẹ́:
òun rèé níwájú ilé tó ti lé ní ọ̀ọ́dúnrún ọdún,
ó wọ kóòtù, ó ń rẹ́rìn-ín,
ó ní níhìn-ín, ènìyàn ò gbọdọ̀ kan ìṣó mọ́ ògiri
láìgba ìwé àṣẹ lọ́wọ́ ìjọba.
Òun kan náà ló fọwọ́ sí ìwé títà.
Mi ò bú u. Òrùlé ń jò. Ẹbí pé mẹ́tàlélógójì,
ilé kan ò ṣeé gé bí iṣu.
Owó ló ṣeé pín.

Ọdún mẹ́ta kíkọ́, wákàtí mẹ́rin wíwó.
Níbi tí a ti jẹ èkuru rí, eruku là ń jẹ.
Ó bo aṣọ tí Ìyá Sàbítíù sá;
ó gbọ̀n ọ́n, ó tún un gbọ̀n, ó ní,
"Ẹ wo ẹni tó tún wá bá mi gbé."
Kìnnìún sìmẹ́ǹtì méjì wà lórí ẹnu-ọ̀nà tẹ́lẹ̀,
ọ̀kan bọ́ lódindi, ó dojú bolẹ̀,
àwọn ọmọ ń gùn ún.

Mo dúnàádúrà pẹ̀lú Múfútáù, olórí àwọn tó ń wó o.
Ilẹ̀kùn iwájú nìkan ni agbára mi ká.
"Baba, kí lẹ fẹ́ fi igi àtijọ́ ṣe? Ẹ fẹ́ dáná ni?"
Mo ní kí ó ṣáà bá mi gbé e sórí kẹ̀kẹ́ Márúwá.

Nílé, mo tú férémù rẹ̀.
Lẹ́yìn, níbi tó kọjú sí amọ̀,
níbi tí ojú kankan ò dé láti ọdún mẹ́rìndínlọ́gọ́rùn-ún,
pẹ́ńsùlù:
ìwọ̀n gígùn, ìwọ̀n ìbú,
lábẹ́ wọn, lẹ́tà gbàgìdì gbàgìdì,
ODÙKỌ̀YÀ ṢÌ JẸ MÍ NÍ ṢÍLÈ MÉJE.

Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi.
Ìjẹ̀bú ni wá; a kì í gbàgbé gbèsè.
Baba ò pariwo. Ó kọ ọ́ sára ilé,
ó fi amọ̀ bò ó, kí ilé máa rù ú.

Mo mú fóònù, mo fẹ́ pe Víẹ́nà.
Kí ni mo fẹ́ wí? Pé kí ó san án?
Mo gbé fóònù sílẹ̀.

Ilẹ̀kùn náà fara ti ògiri búlọ́ọ̀kù mi báyìí.
Ó ga ju yàrá lọ, kò síbi tí n ó gbé e kọ́.
Lóru, bí mo bá dìde láti lọ tọ̀,
mo máa ń fọwọ́ kàn án
kí n tó kọjá.